Okùn náílọ́ọ̀nù lẹ́nu kànga wa: ohun tí mo rí láàárín oṣù mẹ́rìnlá

Okùn kànga wa já ní ọdún tó kọjá, dòrò sì lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn láàárín oṣù díẹ̀. Ọmọkùnrin tó fi ìkọ́ bá wa yọ ọ́ gba owó rẹ̀ tán, ó wo àjákù okùn náà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ lọ ra náílọ́ọ̀nù." Mo ní náílọ́ọ̀nù náà ni mo rà. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dé ọjà Ògùnpa. Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi (kì í ṣe Ògùnpa ni mo ti rà á) pè é ní náílọ́ọ̀nù, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, torí kí ni a kì í pè ní náílọ́ọ̀nù nílẹ̀ wa? Èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, èyí tí wọ́n ń rọ omi sí, èyí tí a fi ń gbé ata bọ̀ láti ọjà, gbogbo rẹ̀ náílọ́ọ̀nù ni lẹ́nu wa. Polythene, ike mìíràn, ni àwọn yẹn, wọn kò bá náílọ́ọ̀nù tan rárá. Náílọ́ọ̀nù gidi ni irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, okùn ìwọ̀ ẹja, àwọ̀n apẹja àti aṣọ orí ọ̀pọ̀ agboòrùn. Okùn aláwọ̀ búlúù tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń họ ọwọ́ ẹni, polypropylene, ike mìíràn tún ni, ló sábà máa ń jẹ́.

Bàbá tó ta tuntun fún mi kọ́ mi bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Ẹ gé okùn náà díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ omi, kí ẹ fún un dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Polypropylene fúyẹ́ ju omi lọ, á léfòó. Náílọ́ọ̀nù wúwo ju omi lọ díẹ̀, á rì. Mo délé, mo dán àjákù àtijọ́ wò: ó léfòó bí ewé. Tuntun rì. Inú mi dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ẹnu rẹ̀ tí mo gé, tó ti ń tú. Náílọ́ọ̀nù wà lára àwọn ike tó ń yọ́ bí iná bá kàn wọ́n, tó sì tún ń le padà bí wọ́n bá tutù. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní náílọ́ọ̀nù 6 ń yọ́ ní nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, náílọ́ọ̀nù 66 ní nǹkan bí 265. Polypropylene kì í ju nǹkan bí 165 lọ. Mo fi àbẹ́là sun ẹnu okùn náà díẹ̀, ó yọ́, ó dì pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú, kò sì tú mọ́ títí dòní. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó tutù o. Àpá ṣì wà ní àtàǹpàkò mi.

Nídìí kànga, ó tu ọwọ́ lára. Kì í gún ni, kì í sì jẹrà bí okùn ìgbà àwọn ìyá wa. Àléébù méjì ni mo rí. Kókó lásán máa ń yọ̀ lára rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo rí i pé dòrò ti fẹ́ bọ́. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ìrù tó gùn sílẹ̀. Ìkejì, ó máa ń nà. Bí dòrò bá kún, okùn á kọ́kọ́ fà díẹ̀ kí omi tó gbéra.

Àmọ́ nínà yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont, ní Wilmington ní Amẹ́ríkà, ló ṣe náílọ́ọ̀nù ní 1935. Irun búrọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ dé ọjà, ní 1938, kí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó gbòde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi ṣe párásúùtù, wọ́n sì fi ṣe okùn tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń wọ́ èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn tí kì í nà máa ń já bí wọ́n bá fà á lójijì.

Ibi tí mo ti kábàámọ̀ ni èyí tó kù, tí mo fi ṣe okùn aṣọ. Náílọ́ọ̀nù ń mu omi, bó bá sì tutù ó tún ń nà sí i. Mo sá bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, mo padà dé, etí wọn ti kanlẹ̀. Mo tún un fà, ó tún rọ̀. Oòrùn wá parí rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ó ti gan, bí mo bá fi ọwọ́ ra á, ìyẹ̀fun funfun á kù sí mi lọ́wọ́. Ó já pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ lórí rẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ẹ wo ìgbà tó yàn! Wáyà ni mo ta rọ́pò.

Ti kànga kò rí bẹ́ẹ̀, torí abẹ́ páànù ló ń gbé, mo sì máa ń ká a kọ́ lẹ́yìn tí a bá fa omi tán. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí: ibi tó ń fara ha etí kànga ti hu irun díẹ̀, ìyókù le dáadáa. Ọmọ oníkọ̀ọ́ yẹn kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ, ó bèèrè bóyá dòrò tún ti bọ́. Mo ní kò tíì bọ́.