Gọ́ọ̀mù epoxy onítúùbù méjì: ojú irin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Mo ti ń lo gọ́ọ̀mù yìí tó oṣù mẹ́jọ báyìí, ó dáa gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi lẹ alumíníọ́mù mọ́ irin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló já, inú bí mi gan, àmọ́ nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo gọ́ọ̀mù náà ló wà lára irin, ojú alumíníọ́mù ń dán gbinrin, kò sí ẹyọ kan lára ẹ̀. Ọ̀rá ló wà níbẹ̀, mi ò sì fọ̀ ọ́.

Ìgbà kejì mo fi acetone (omi tó ń fọ ọ̀rá kúrò) nù ún, mo fi sáńpépà ha á títí dídán yẹn fi lọ, mo tún fi aṣọ funfun àti acetone nù ún títí aṣọ ò fi dọ̀tí mọ́, mo wá lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Túùbù méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba o, kẹ́ ẹ sì pò ó dáadáa. Ẹ má fún un pa jù, tí gọ́ọ̀mù bá tán láàárín kí ló fẹ́ dì í mú? Wákàtí 24 ni mo fi dè é mọ́lẹ̀.

Omi ló máa ń bà á jẹ́ jù, etí ló ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀ tí irin á fi dípẹtà lábẹ́ gọ́ọ̀mù, torí náà mo kun etí ẹ̀ ní ọ̀dà. Ó ṣì dúró digbí.

Ohun tó dùn mí ni pé ìwé inú páálí ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ sáńpépà rárá.