Orí omi ni tàbí orí afárá? Ìfiwéra fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó ń lọ nájà ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹni tó bá ń ti Tákìé tàbí Akẹ̀sán lọ ra ọjà ní Balógun kò nílò ẹni tí yóò júwe ọ̀nà Ìbàdàn fún un. Kò sì nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń bẹ lórí afárá Third Mainland, ọmọdé mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè kí wọ́n tó gbéra ni bí wọn yóò ṣe padà, tàwọn tẹrù, kí ilẹ̀ tó ṣú, láìsan owó ilé ìtura tí wọn kò bá lérò. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ti pẹ́ jù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń gbà dé Áílàǹdì, ìyẹn Erékùṣù Èkó tí Balógun àti Ìdúmọ̀tà wà. Èkíní ni dánfó tàbí BRT (bọ́ọ̀sì ńlá elérò púpọ̀) tó ń gba orí afárá, láti Bẹ́gà tàbí Òjọ́tà. Èkejì ni ọkọ̀ ojú omi ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní LAGFERRY, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2020, tó sì ń gbéra ní èbúté Ìpákodò ní Ìkòròdú. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ fáíbà kékeré ti àwọn aládàáni, tó ń gbéra ní agbègbè Ìkòròdú kan náà.

Ta ni ọkọ̀ ojú omi wà fún?

Ẹni tí ọkọ̀ bá ti já sí Òjọ́tà, kó má wulẹ̀ ṣẹ́rí padà sí Ìkòròdú torí pé ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Afárá ti wà níwájú rẹ̀. Ìrìn àjò méjì ló fẹ́ sọ ẹyọ kan dà yẹn. Ọkọ̀ ojú omi wà fún ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní oríta Ṣàgámù tó sì gba ọ̀nà Ìkòròdú, tàbí ẹni tó ti sùn sílé ẹbí ní Ìkòròdú mọ́jú. Èyí tó sùn mọ́jú yìí ló ń jèrè rẹ̀ jù, nítorí ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fi àkókò rẹ̀ búra. Bí òjò bá ti rọ̀ sí àwọn kòtò ibẹ̀, gbogbo wákàtí tí ẹ rò pé omi máa bá yín dín kù ti lọ lórí ilẹ̀. Ẹ bi awakọ̀ ní Ṣàgámù pé báwo ni ọ̀nà ṣe rí lónìí kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀.

Ní ti owó, ọkọ̀ fáíbà ló máa ń wọ́n jù, iye tí wọ́n ń ta epo ló sì ń gbé owó rẹ̀ sókè sódò. Ẹ bèèrè ní èbúté. Ní ti àkókò, fáíbà lè gbé yín dé Marina ní nǹkan bí ìdajì wákàtí, ọkọ̀ ńlá a máa pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, afárá sì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ti káàdì, Cowry kan náà tí wọ́n fi ń wọ BRT àti ọkọ̀ ojú irin Marina sí Mile 2 ni ti ọkọ̀ ìjọba. Ẹ ti fi owó sí i ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ẹni tó bá tún ń tò láti fi owó sí káàdì ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọkọ̀ á fi í sílẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá ti pariwo pé Áílàǹdì ló ń lọ ni yóò já yín sí ẹnu ọjà. Marina dára fún Balógun, ẹsẹ̀ ló kù. Èbúté Èrò sún mọ́ Ìdúmọ̀tà. Ṣùgbọ́n èbúté Five Cowries, Fálọ́mọ ni ó wà, ìyẹn Ìkòyí. Ẹni tó bá já síbẹ̀ yóò tún wọ ọkọ̀ mìíràn padà sí CMS, ibùdókọ̀ tó wà ní Marina, èrè tó jẹ lórí omi ti tán.

Ìpadàbọ̀

Àwọn òṣìṣẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi Ìkòròdú ń gbé jù. Nítorí náà, àárọ̀ ni ọkọ̀ ń pọ̀ lọ sí Áílàǹdì, ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ń pọ̀ padà. Èyí bá oníṣòwò mu dé ìwọ̀n kan. Àárín ọ̀sán ni wàhálà wà. Fáíbà kì í gbéra bí kò bá kún, ní ọ̀sán sì rèé, ta ni yóò kún un? Ẹni tó bá parí ọjà ní aago méjìlá lè jókòó sí èbúté títí di nǹkan bí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ọkọ̀ tún ń dín kù sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdé, èrò ni yóò pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ìlà á sì gùn dé ìta.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó tán. Òfin kò gba ọkọ̀ èrò láyè láti rìn lórí ọ̀sà lóru, òfin náà sì nídìí: ọ̀pọ̀ fáíbà kékeré kò ní iná tó lè fi igi tó léfòó hàn wọ́n. Bí awakọ̀ kan bá yọ́ sọ fún yín lẹ́yìn aago méje alẹ́ pé òun á rọra gbé yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Owó ilé ìtura dára ju ohun tí ń bẹ nínú òkùnkùn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n owó náà ni à ń sá fún, àbí? Nítorí náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi ṣe òpin ọjà yín, kí ẹ sì ti dúró sí èbúté kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé.

Ẹrù ló tún wá le jù. Ìjókòó kan, èèyàn kan ni ètò ọkọ̀ ojú omi. Báàgì tí ẹ lè gbé lé itan kò ní wàhálà. Bélì aṣọ tàbí páálí bàtà mẹ́ta, awakọ̀ yóò kọ̀ ọ́ tàbí kó gba owó èrò kan lé e, kò sì burú bó bá kọ̀. Ẹrù tó wúwo níwájú fáíbà máa ń tẹ imú ọkọ̀ bọ inú ìgbì, omi á sì máa rọ́ wọlé. Bí wọ́n bá kó o sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á rì, imú rẹ̀ á ga jù, kò sì ní lè sáré lórí omi, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo láìlọ, epo á sì jó ju bó ṣe yẹ. Èyí tí wọn kò dè mọ́lẹ̀ yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ọkọ̀ bá yà. Omi kékeré máa ń wà nílẹ̀ ọkọ̀ nígbà gbogbo. Páálí tí ẹ bá gbé lé e, ìdí rẹ̀ á ti rọ̀ kí ẹ tó dé Ìkòròdú, bí ẹ bá sì gbé e sókè, bàtà á dà sílẹ̀. Léèsì tí omi ọ̀sà bá ta sí, iyọ̀ díẹ̀ wà nínú omi yẹn, ó máa ń fi àmì sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ nínú ọjà, kó má jẹ́ etí omi.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kí èèyàn àti ẹrù yà ara wọn. Ẹ jẹ́ kí alábàárù gbé ẹrù dé ibi tí dánfó wà, kó lọ sí gáréèjì tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ ti ń kún, kó lọ ní wébíìlì, ìyẹn ni pé awakọ̀ á gbé ẹrù lọ láìjẹ́ pé ẹ̀yin wà nínú ọkọ̀. Ẹ fi máàkà kọ orúkọ, ìlú àti nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀gbẹ́ méjì bélì, torí ẹ̀gbẹ́ kan máa ń há sábẹ́ ẹrù ẹlòmíì. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ má gba ti agbèrò nìkan. Ẹ fi ọwọ́ fúyẹ́ wọ ọkọ̀ omi padà. Ẹni tí kò bá lè fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, afárá ni tirẹ̀: dánfó yóò gbé bélì yín, wọn yóò kàn bá yín dúnàádúrà lé e ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní Balógun ní aago méjì ọ̀sán. Third Mainland gùn tó 11.8 kìlómítà; bí ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ níwájú, kò sí ibi púpọ̀ tí èèyàn lè yà sí yàtọ̀ sí Adékúnlé.

Ọkọ̀ ńlá àti fáíbà

Ọkọ̀ ńlá ní òrùlé, ó ní ju ẹ́ńjìnnì kan lọ, ìgbì kékeré kì í sì í jù ú. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé kò pọ̀, ó sì ní àkókò tó ń gbéra. Fáíbà pọ̀, ó yára, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló gbé wọn. Ìyẹn kò jẹ́ nǹkan títí di ìgbà tí ewé orí omi bá dé, èyí tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Lẹ́yìn òjò ńlá, Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń gbé e wá sínú ọ̀sà. (Odò Ògùn yìí, agbègbè Ṣakí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa ló ti ṣẹ̀, a kò lè máa bú Èkó nìkan.) Ewé náà máa ń wé mọ́ fáànù abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì tún ń dí ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa omi láti fi tutù. Bí omi kò bá wọlé, ẹ́ńjìnnì á gbóná, awakọ̀ á sì ní láti pa á láàárín ọ̀sà, kó gbé e sókè, kó máa fi ọwọ́ já ewé. Bí ẹ bá rí i pé omi tín-ínrín tó yẹ kó máa tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kò jáde mọ́, ẹ pe àkíyèsí awakọ̀ sí i.

Àárọ̀ ni omi máa ń tòrò jù. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ láti ojú òkun máa ń ru ú sókè. Ní àsìkò ọyẹ́, kùrukùru àárọ̀ lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró.

Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó má jókòó sí iwájú fáíbà, ibẹ̀ ló ń lu èèyàn jù. Èéfín àti omi ló sì wà lẹ́yìn. Àárín ni kó jókòó sí.

Jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó pọn dandan, ṣùgbọ́n wíwọ̀ ọ́ lásán kò tó. Ẹ tẹ fóòmù inú rẹ̀: bí kò bá wú padà, ó ti kú. Ẹ de gbogbo ìdè oníke rẹ̀ títí yóò fi dún, kí ẹ fa okùn rẹ̀ le. Kí ẹlòmíràn wá di ejìká rẹ̀ méjèèjì mú kó fà á sókè: bó bá kọjá àgbọ̀n yín, ó tóbi jù, nínú omi yóò bọ́ lọ́rùn yín. Ẹ gba òmíràn. Ẹ má tijú; awakọ̀ tó bá ń kanra nítorí pé ẹ pààrọ̀ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Èwo ni ká wọ̀?

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìgbà tirẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ tààrà láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹrù, afárá ni kó gbà. Ẹni tó ń kánjú tí ọkọ̀ ńlá ti lọ, fáíbà ń bẹ, bí ojú ọjọ́ bá mọ́ tí jákẹ́ẹ̀tì sì pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ibi tí ẹ lè sùn sí ní Ìkòròdú, kí ẹ kúrò nílé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ wọ ọkọ̀ ìjọba àárọ̀ dé Marina, kí ẹrù lọ ní wébíìlì, kí ẹ̀yin fi ọkọ̀ omi padà. Ẹ ó ti máa dúnàádúrà ní Balógun nígbà tí àwọn tó gba Òjọ́tà ṣì ń wo ìdí tíréélà.

Ará Ọ̀yọ́ tún ní ọ̀nà kan tí wọn kì í sábà rántí: ọkọ̀ ojú irin Mọníyà. Mọníyà wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, ẹ kò ní wọ àárín Ìbàdàn rárá. Ọkọ̀ náà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ń rin nǹkan bí 157 kìlómítà dé Alágoméjì ní Èbúté Mẹ́tà. Kì í tètè dé tó ẹni tó sùn sí Ìkòròdú, àmọ́ kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láti Alágoméjì, ẹ wọ dánfó tó ń gba Òyìngbò àti Ìdó kọjá; afárá Carter ni yóò gbà, ẹnu Ìdúmọ̀tà ni yóò sì já yín sí.