Kọ́ọ̀sì sọ́mà forensic psychology: ọ̀fẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì, àbí wọ́kíṣọ́ọ̀bù, èwo ni kí ẹ san owó yín sí?

Àbúrò mi kan tó wà ní 300 level sàíkọ́lọ́jì fi ìpolówó kọ́ọ̀sì mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ni kí n bẹ dádì pé kí wọ́n bá mi san?" Ọ̀kan ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì nílùú òyìnbó. Ẹ̀kẹta, wọ́kíṣọ́ọ̀bù ọjọ́ mẹ́ta fún àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́. Èsì tí mo kọ fún un gùn débi pé mo ní kí n kúkú gbé e síta, torí òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú.

Ohun kan rèé tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó mú owó jáde. Kò sí kọ́ọ̀sì sọ́mà kankan tó lè sọ èèyàn di forensic psychologist, ìyẹn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn, ẹlẹ́rìí àti kóòtù. Nílùú ọba, òfin ló ń ṣọ́ orúkọ yẹn, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń ṣàkóso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, nìkan ló lè máa jẹ́ ẹ, kí ó sì tó débẹ̀ ó máa ní dìgírì sàíkọ́lọ́jì tí British Psychological Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ibẹ̀, fọwọ́ sí, á tún ṣe másítáàsì, á tún wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó ń mójú tó o fún bí ọdún méjì. Torí náà, ìpolówó tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, ẹ pa á dé. Ohun tí kọ́ọ̀sì kékeré lè fún yín ni kí ẹ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà wù yín lóòótọ́, tàbí, fún ẹni tó ti ń bá afurasí, ẹlẹ́rìí tàbí ẹlẹ́wọ̀n ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ ẹ̀ túbọ̀ mọ iṣẹ́ sí i.

Èyí ọ̀fẹ́ ná

The Open University, yunifásítì kan nílùú ọba, ní ọ̀kan lórí OpenLearn, ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọn, Forensic psychology náà ni wọ́n pè é, wákàtí 24 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìtàn ìdigunjalè kan ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, ẹ máa wo fídíò àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣèwádìí ò jọra rárá, ẹ ó sì máa rí ibi tí kálukú ti ṣìnà. Dátà yín nìkan ni ẹ máa ná. Tí ẹ bá parí ẹ̀, wọ́n á fún yín ní ìwé pé ẹ kópa, ìwé yẹn kì í ṣe máàkì tí yunifásítì máa kà fún yín o. Èmi ò gbà kí ẹnikẹ́ni sanwó fún èyí tó wọ́n láìkọ́kọ́ ṣe èyí, torí tó bá ti sú yín ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ti kó owó ọ̀hún yọ nìyẹn.

Ibi tó kù sí ni pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀.

Èyí ọ̀sẹ̀ méjì

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an. Nínú kíláàsì tí mo ṣe, wọ́n mú obìnrin òṣèré kan wá tó ṣe bí ẹlẹ́rìí, wọ́n fún kálukú wa ní ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú ẹ̀. Mo rò pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé jákẹ́ẹ̀tì dúdú ló wọ̀?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Kò sẹ́ni tó tí ì dárúkọ jákẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu! Olùkọ́ wa jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń fi bírò fa ìlà. Nígbà tí a ṣe tán, ó ní mo bèèrè ìbéèrè 19, méjì péré nínú ẹ̀ ló jẹ́ kí obìnrin náà ráyè ròyìn, mo sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Mo ti ka ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì méjì kan, Loftus àti Palmer, ṣe lọ́dún 1974 tipẹ́. Wọ́n fi fídíò ọkọ̀ tó kọlu ara wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni eré wọn ṣe tó nígbà tí wọ́n "gbá" ara wọn, wọ́n bi àwọn kan pé nígbà tí wọ́n "rún" ara wọn wómúwómú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ní ṣé wọ́n rí gíláàsì tó fọ́, bẹ́ẹ̀ gíláàsì kankan ò fọ́ níbẹ̀. Nínú àwọn 50 tó gbọ́ "rún", 16 ní àwọn rí i, nínú 50 tó gbọ́ "gbá", 7 ni. Àṣé èmi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́rìí, mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọ́ wa ní cognitive interview, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì Fisher àti Geiselman gbé jáde ní àwọn ọdún 1980: kí ẹlẹ́rìí fi ọkàn padà síbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kí ló ń rùn, ariwo wo ló ń lọ, kó sọ gbogbo ẹ̀ títí kan èyí tó dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan, kí ìwọ sì panu mọ́. Ẹlẹ́rìí mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin láìdúró, ohun tí mo ń wá wà ní ìṣẹ́jú kẹta. Ohun tí ẹ ń fowó rà nìyẹn. Torí náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ̀wé béèrè: èèyàn mélòó ló máa wà ní kíláàsì, ṣé kálukú máa fi ẹnu ara ẹ̀ ṣe é, ta ló máa jókòó wò wá?

Tó bá jẹ́ Netherlands ni kọ́ọ̀sì náà wà, ẹ wo iye ECTS tí wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ẹyọ tí àwọn yunifásítì Yúróòpù fi ń ka bí iṣẹ́ kọ́ọ̀sì ṣe tó. Wákàtí 28 ni wọ́n ń ka ẹyọ kan sí, tí wọ́n bá ní 2 ECTS, iṣẹ́ wákàtí 56 nìyẹn, ẹ wá fi wé tímútébù wọn bóyá ó bára mu. Ẹ bi dìpátímẹ́ǹtì yín bóyá wọ́n máa gbà á, kí ẹ tó sanwó o, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Físà ńkọ́? Ti Schengen jẹ́ €90 fún àgbàlagbà, ẹ tún máa ra ìnṣọ́ránsì tó lè san tó €30,000 tí àìsàn bá ṣe yín níbẹ̀. Ti ìlú ọba, físà àlejò gbà yín láyè láti ṣe kọ́ọ̀sì kékeré, tí kò bá kọjá oṣù mẹ́fà, níléèwé tí ìjọba mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó bá mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ ni pé tí wọ́n bá kọ físà, ṣé owó máa padà? Wọ́n kọ físà ọ̀rẹ́ mi kan, iléèwé ò dá ìdajì owó tó kọ́kọ́ san padà, ó wà nínú ìwé tí òun fúnra ẹ̀ buwọ́ lù. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Wọ́kíṣọ́ọ̀bù

Èyí wà fún nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ò dá, wọ́dà, lọ́yà, sóṣà wọ́kà, ọlọ́pàá. Nǹkan kan pàtó ni wọ́n máa ń kọ́ níbẹ̀, bíi HCR-20 tí wọ́n fi ń wò bóyá ẹnì kan tún lè ṣe èèyàn léṣe: ohun 20 ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, 10 lórí ìgbà tó ti kọjá, 5 lórí bó ṣe wà báyìí, 5 lórí ọjọ́ iwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tí ì bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jókòó rí, owó ẹ̀ á kàn ṣòfò ni.

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ wá èyí tó bá sọ̀rọ̀ nípa ìjẹ́wọ́ irọ́. Àwọn Guildford Four, èèyàn mẹ́rin tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n nílùú ọba lórí ẹ̀sùn bọ́ǹbù, jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò ṣe, ọdún 1989 ni wọ́n tó kúrò lẹ́wọ̀n. Gisli Gudjonsson, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé àwọn kan wà tí wọ́n tètè máa ń gba ohun tí wọ́n bá fi sí wọn lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, òfin Èkó ní kí wọ́n ya fídíò ìjẹ́wọ́ afurasí, tàbí kí lọ́yà ẹ̀ wà níbẹ̀, ACJA 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, náà dárúkọ fídíò. Lọ́yà tó bá mọ ìbéèrè tó bí ìdáhùn máa mọ ohun tó máa wò nínú fídíò yẹn nígbà tí trial within trial bá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí adájọ́ bá ń wò bóyá afurasí fínnúfíndọ̀ jẹ́wọ́.

Èyí tí ẹ máa sá fún

Èyí tó bá kó fọ́tò apààyàn síwájú, tó ní ẹ máa di "profiler" bíi ti FBI, ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe hùwà ọ̀daràn kó lè sọ irú ẹni tó ṣe é. Mo ti san irú ẹ̀ rí, ọjọ́ méjì gbáko fíìmù apààyàn la wò, a ò fẹnu bi ẹlẹ́rìí kankan ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá mi wo sátífíkéètì yẹn, ó gbé e padà sórí tábìlì mi láìsọ nǹkan kan.

Mo ní kí àbúrò mi ṣe ti ọ̀fẹ́ báyìí, kó gbé ti ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún tó ń bọ̀, tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé owó á padà tí físà ò bá jáde. Ó pè mí lánàá. Kọ́kọ́rọ́ mọ́mì ẹ̀ sọnù, ó ti fẹ́ bèèrè bóyá wọ́n fi sórí fíríìjì, ó bá gbé e mì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ gbogbo bí àárọ̀ yín ṣe lọ fún mi." Ó ní òun dákẹ́. Nígbà tí mọ́mì sọ̀rọ̀ débi tí wọ́n ti ra ẹ̀fọ́, wọ́n dìde, wọ́n lọ tú báàgì ọjà.