Bùlẹ́ńdà wo, sítírọ́ wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe sìmúúdì nílé

Àwọn tó ń wá bùlẹ́ńdà tí wọ́n á fi máa ṣe sìmúúdì, ìyẹn èso lílọ̀ tó ki téèyàn ń mu, wátì ni wọ́n máa ń bi mí, wátì mélòó ni kí n rà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè sítírọ́ tí wọ́n á fi fà á mu, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá po nǹkan tán tí wọ́n wá ń fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wọnú tí nǹkan kan ò gòkè wá. Sítírọ́ ló ń tú àṣírí bùlẹ́ńdà o. Ohun tí ọ̀bẹ inú ẹ̀ ò bá lọ̀ kúnná, ẹnu sítírọ́ ló ń lọ há sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fi àwọn méjèèjì wéra pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, kí lẹ máa ń kó sí i? Tó bá jẹ́ èso tó rọ̀ ni, máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, pẹ̀lú wàrà, kò sí bùlẹ́ńdà tí ò ní lọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ èso tó ti dì nínú fírísà, yìnyín, ẹ̀fọ́ tútù, ibẹ̀ la ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àwọn kan á lọ̀ ọ́, àwọn kan á kàn máa pariwo lé e lórí. Èkejì, ẹni mélòó ló fẹ́ mu ún lẹ́ẹ̀kan náà?

Oníjọ́ọ̀gì àti onífe

Láàárín àwọn méjì yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró rò ó. Oníjọ́ọ̀gì lèyí tó ń jókòó sórí tábìlì, jọ́ọ̀gì ẹ̀ sábà máa ń gba lítà kan ààbọ̀ sí méjì, ó tó ẹni mẹ́rin mu. Onífe lèyí tẹ́ ẹ máa kó nǹkan sínú ife, ẹ ó fi ìdérí tó ní ọ̀bẹ dé e, ẹ ó wá dojú ẹ̀ dé orí ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ bá ti lọ̀ ọ́ tán ẹ ó kàn pa ìdérí dà, ẹ ó sì máa mu ún lọ nínú ife yẹn náà. Ẹni tó ń dá gbé, onífe ló máa bá a lára mu, torí tẹ́ ẹ bá da ìwọ̀nba ife kan sínú jọ́ọ̀gì ńlá, ṣe ló máa fọ́n ká sára ògiri jọ́ọ̀gì, ọ̀bẹ á máa gé afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kó nǹkan sí méjèèjì ò jọra rárá, ibẹ̀ sì lèèyàn púpọ̀ ti ń ṣì í. Oníjọ́ọ̀gì, omi abi wàrà ló ń kọ́kọ́ wọlé, ohun tó rọ̀ á tẹ̀ lé e, ohun tó dì á wà lókè pátápátá. Onífe, òdìkejì ni, ohun líle lẹ máa kọ́kọ́ jù sínú ife, omi á kẹ́yìn, torí ẹ máa dojú ẹ̀ dé, omi ló sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀bẹ pàdé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dì sí ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì, mo wá da wàrà díẹ̀ lé e lórí, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ lọ̀ dáadáa, àfi bí ariwo yẹn ṣe yí padà lójijì tó fẹ́lẹ́ bíi pé nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀, mo bẹjú wò ó látẹ̀gbẹ́, ọ̀bẹ ń yí nínú ihò afẹ́fẹ́ kan báyìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ jókòó sórí ihò yẹn bí ọba, kò mira. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ́ńjìnì yẹn ì bá gbóná títí tó fi máa rùn. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ fi ṣíbí tì í wálẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ kún un. Àwọn oníjọ́ọ̀gì kan ní igi ìtẹ̀ tó ń gba inú ìdérí wọlé tí ò lè kan ọ̀bẹ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn sìmúúdì tó ki, ẹ wá èyí tó ní in.

Wátì ńkọ́? Iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni, kì í ṣe iye iṣẹ́ tó ń ṣe, bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀bẹ àti ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì ló máa sọ bóyá nǹkan á yí po. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tiẹ̀ ń kọ iye tó ga jù tí ẹ́ńjìnì lè fà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sára páálí, kẹ́ ẹ lè rò pé iye tó fi ń ṣiṣẹ́ ṣáá nìyẹn. Lójú tèmi, tó bá jẹ́ ohun tó dì lẹ fẹ́ máa lọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má wo oníjọ́ọ̀gì tí ò tó 800 wátì, onífe tó wà ní 600 lè ṣe é torí ohun tó ń lọ̀ ò pọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé láti òkè òkun lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ wo fóòtì ẹ̀ (volt), ìyẹn agbára iná tí wọ́n ṣe é fún, 120 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, 220 sí 240 ni ti ọ̀pọ̀ ibi láyé, tí wọn ò bá bára mu ẹ̀rọ yẹn lè jóná lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn án.

Ohun kan tí wọn kì í kọ sára páálí rèé o. Ibi tí jọ́ọ̀gì ti ń jókòó lé ẹ́ńjìnì, eyín kékeré kan wà níbẹ̀, òun ló ń gba agbára kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ. Lára àwọn tí ò wọ́n, rọ́bà abi ike ni, lára àwọn tó le, irin ni. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Tèmi jẹ lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnì ń yí, ọ̀bẹ dúró gbọnyin, ẹni tó tà á fún mi sì ní àwọn ò ní eyín lásán, àfi kí n ra odindi. Látìgbà yẹn, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi olùtajà ni pé ṣé mo lè rí eyín àti rọ́bà ìdérí rà lọ́tọ̀.

Onífe, ẹ má da ohun gbígbóná sí i láéláé. Ó dé pa, ooru ò níbi tó máa gbà jáde, ife lè já kó sì bó èèyàn lójú. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ kọjá ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kan.

Oníbáàtìrì àti àfọwọ́dìmú

Oníbáàtìrì dára lójú, ó ṣeé gbé lọ síbi iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ife ẹ̀ kéré, yìnyín ńlá sì ń dá a dúró, fún èso tó rọ̀ ni. Kó má jẹ́ òun nìkan lẹ máa ní nílé. Àfọwọ́dìmú, èyí tẹ́ ẹ máa fọwọ́ mú tẹ́ ẹ ó ki ọ̀bẹ ẹ̀ bọ inú ife, rọrùn fọ̀ ju gbogbo wọn lọ, ife gígùn tóóró lẹ máa lò ó nínú ẹ̀ kí nǹkan má ta sí yín láṣọ, púpọ̀ nínú wọn ò sì fẹ́ràn yìnyín.

Ó wá ku sítírọ́

Fífẹ̀ ẹnu ẹ̀ ṣáájú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Sítírọ́ lásán máa ń wà ní bíi mìlímítà 6, omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ṣe é fún. Sìmúúdì fẹ́ 8 sí 10. Kóró wẹ́wẹ́ ara sìtọ́bẹ́rì, bó ti wù kí bùlẹ́ńdà lágbára tó, díẹ̀ máa kù, á sì gba inú 8 kọjá láìsí wàhálà. Èyí tó fẹ̀ tó 12, ẹni tó fẹ́ máa fa nǹkan rìgìdì ló wà fún.

Ti irin kì í fọ́, ó sì ń tutù sí ètè, inú mi máa ń dùn sí ìyẹn. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹ ò lè rí inú ẹ̀. Mo fi omi ṣan tèmi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo rò pé ó mọ́, ìgbà tí mo wá ki búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bọ̀ ọ́, nǹkan pupa rúsúrúsú kan tẹ̀ lé e jáde, ó ń yọ̀, mi ò lè mu nǹkan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Tí kò bá ní búrọ́ọ̀ṣì nínú páálí, ẹ má rà á. Ó tún le, ẹ má fún ọmọdé tó ń sáré kiri, ẹ má sì mu ún nínú ọkọ̀ tó ń lọ.

Ti dígí, ẹ ń rí gbogbo inú ẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀, ó parí. Sílíkóònì rọ̀, ọmọdé lè fi eyín tẹ̀ ẹ́ láìfara pa, ṣùgbọ́n òórùn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó bá sì rọ̀ jù á pa ẹnu dé tí sìmúúdì bá ki. Ọparun ń fẹ́ kẹ́ ẹ sá a gbẹ dáadáa kó má hu. Bébà? Kí ife tó dé ìdajì ó ti rọ̀.

Bébà yẹn ti pẹ́ o, ọdún 1888 ni Marvin Stone gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá (patent) ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí koríko tí wọ́n ń fi mu nǹkan tẹ́lẹ̀ máa ń fi adùn tiẹ̀ kún ohun mímu. Èyí tó ń tẹ̀ lọ́rùn, Joseph Friedman ló ṣe é, ó rí ọmọbìnrin ẹ̀ tó ń jìjàkadì pẹ̀lú sítírọ́ gbọọrọ lórí àga gíga, ó gba ìwé àṣẹ tiẹ̀ ní 1937. Ọdún yẹn náà ni bùlẹ́ńdà tí Fred Waring ń polówó jáde, olórin sì ni Waring.

Ti ike ẹ̀ẹ̀kan-ṣoṣo, European Union, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti fòfin dè é láti oṣù keje ọdún 2021, àmọ́ wọ́n yọ èyí tí wọ́n ń lò fún ìtọ́jú aláìsàn sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè gbé ife, sítírọ́ tó ń tẹ̀ lọ́rùn kì í ṣe fáàrí fún un.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á dé, ẹ má tíì ju páálí nù. Ẹ da wàrà ife kan sí i, ẹ̀fọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti dì tẹ́ ẹ ti gé wẹ́wẹ́, ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wá fi sítírọ́ 8 fà á. Tí ewé bá há a lẹ́nu, ẹ tún un lọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tó bá tún há, ẹ kó o padà sínú páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ dá a padà fún wọn kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín tó pé.