Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún líìfù ọkọ̀ "tòkúnbọ̀ Jámánì" yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tún ọkọ̀ yín ṣe nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó líìfù ọkọ̀ lórí Facebook àti WhatsApp. Líìfù ni ẹ̀rọ tó ń gbé odidi ọkọ̀ sókè kí èèyàn lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀; ọlọ́pòó méjì ni tiẹ̀. Ó ní tòkúnbọ̀ Jámánì ni, pé ó ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́rin, pé àwọn ọmọ òun á sì bá yín kàn án mọ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó sọ fún mi kọ́ ló wà lórí àkáǹtì tí mo sanwó sí, mi ò sì mọ èwo nínú méjèèjì ni ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Bó ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é.

Akóbọ̀, n'Íbàdàn, ni mò ń gbé. Mo ní Sienna méjì tó ń ná Ìbàdàn sí Àbújá, ojú ọ̀nà yẹn kì í sì í jẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ sinmi. Jáàkì àti búlọ́ọ̀kù la ti ń fi gbé wọn sókè láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí búlọ́ọ̀kù rí, ó mọ irú àdúrà tí èèyàn ń gbà níbẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é ló ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe ra líìfù kan síbi ìgbọ́kọ̀sí yín? Ibẹ̀ fẹ̀, òrùlé ẹ̀ sì ga." Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mo wí o. Tí mo bá pè é ní gáréèjì, àwọn kan á rò pé Ìwó Róòdù ni mo fẹ́ gbé líìfù lọ.

₦1,850,000 ni ọkùnrin yìí pè é. Tuntun tí mo ti béèrè níbòmíì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́, ojú ọ̀kánjúwà ni mo fi wò ó. Ó fi fídíò ránṣẹ́: líìfù pupa, tó ń dán yinrin, ó gbé Corolla lọ sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo bi í ní ìbéèrè kan, ó ní "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo bi í ní ìkejì, ó ní "Ẹ̀yin ni bàbá mi, mi ò lè ṣe yín níbi." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́rin la fi mọra, a ti di bàbá àti ọmọ. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní ẹnì kan ti ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá san owó líìfù yẹn kan náà, mo bá fi ₦1,200,000 ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ wo nǹkan tí kò wá sí mi lọ́kàn nígbà yẹn. Corolla kan ò wúwo ju nǹkan bíi kílò 1,300 lọ. Sienna mi sún mọ́ 2,000 kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù sí i. Land Cruiser tiẹ̀ ń lọ sí 2,600. Kí ló dé tó jẹ́ Corolla ló wà nínú gbogbo fídíò ẹni tó ń ta líìfù tọ́ọ̀nù mẹ́rin?

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e dé, òjò ti ń ṣú. Awakọ̀ ní ọ̀gá òun ní kí òun má já ẹrù kankan sílẹ̀ títí ìyókù owó á fi wọlé. Àárín òjò, níwájú ẹnu ọ̀nà ilé ara mi, àwọn aládùúgbò ń wò mí: mo sanwó. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan ọ̀pó náà, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Irin tó ti Jámánì wá, tó la òkun kọjá, tó sì jókòó ní ọgbà ẹni tó ń tà á, ọ̀dà ara ẹ̀ ò tíì gbẹ.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ló wá kàn án lọ́jọ́ kejì. Ibí yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ti lajú. Mo bi èyí tó ṣe bí olórí wọn pé ṣé kò ní kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Dádì, ilẹ̀ yìí le." Àyẹ̀wò tó ṣe nìyẹn. Wọ́n ti dìrílì bọlẹ̀, wọ́n fi áńkọ̀ bọ́ọ̀tì mílímítà 12 sí i, èyí tí wọ́n fi ń kan ẹsẹ̀ pátákó ìpolówó mọ́lẹ̀, mẹ́rin ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ihò mẹ́fà mẹ́fà ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pó náà. Mo ní ihò méjì ṣẹ́ kù. Ó ní ti àfikún nìyẹn. Ọ́ìlì tí wọ́n dà sínú táǹkì ẹ̀ dúdú bí omi èlùbọ́: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ́ìlì hàídírọ́líìkì, nọ́ńbà 32 tàbí 46, ni irú ẹ̀rọ yìí ń mu. Wákàtí mẹ́ta ò pé tí wọ́n fi parí.

A wa Sienna kan sórí ẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró létí líìfù tó dáa rí mọ ìró tó máa ń ṣe bó bá ń gòkè: nínú ọ̀pó kọ̀ọ̀kan, àwọn eyín irin wà tí ìkọ́ ń jábọ́ sí bó ṣe ń lọ, "kọ́, kọ́, kọ́", ọ̀tún àti òsì. Ìkọ́ yìí ló ń di ọkọ̀ mú tí ọ́ìlì bá jò, tí iná bá lọ, tí wáyà bá já. Mo gbọ́ ti ọ̀tún. Ní òsì, wẹ́lo. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ti tó orókún mi. Ìgbà náà ni nǹkan dún "gbì" lábẹ́ ọ̀pó òsì. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí eruku funfun tó ń tú jáde lábẹ́ wọ́ṣà bí ẹni ń fẹ́ ìyẹ̀fun, àti ọ̀pó náà, tó ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní gbọnrangandan. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi pariwo pé kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti fẹ́ tẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ láti fi hàn mí pé kò sí ewu.

Wọ́n ní àwọn ń lọ ra bọ́ọ̀tì tó gùn. Bí wọ́n ṣe wọ inú igbó nìyẹn. Nọ́ńbà "ọmọ mi" tó ta líìfù fún mi náà ò lọ mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní mágínẹ́ẹ̀tì kan tó yọ nínú sípíkà tó bàjẹ́, ó ń fi gbá ara ọ̀pó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń lẹ̀, ó ń lẹ̀, ó dé ibi orókún ọ̀pó òsì, mágínẹ́ẹ̀tì jábọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ họ ibẹ̀: fílà ni, èyí tí àwọn pánẹ́lì bítà fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀ lára ọkọ̀, kì í ṣe fìlà tí à ń dé. Lábẹ́ ẹ̀, wẹ́dìnnì gbígbóòrò yí irin náà po. Ọ̀pó yẹn ti ya rí.

A bó sítíkà tí wọ́n kọ "4.0T" sí. Àwo irin kékeré wà lábẹ́ ẹ̀, 6000 LBS (pọ́n-ùn) ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Kílò 2,722 nìyẹn, kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ẹ tún wo mọ́tò: wọ́n kọ 60 Hz sí i, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná Jámánì, 50 Hz ni, bíi tiwa. Amẹ́ríkà ló ń lo 60. Mọ́tò 60 Hz tó bá ń jẹ iná 50 á máa yí lọ́ra, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó kú. Nítorí náà ẹ má wo ọ̀dà, ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Wáyà onírin tó ń so apá méjèèjì pọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n jọ gòkè dọ́gba, fọ́nrán ẹ̀ ti ta jáde bí irùngbọ̀n òbúkọ.

Mo pe bíríkìlà kó wá fọ́ díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà. Íńṣì méjì àbọ̀ ni kọnkéré ẹ̀, kò sí rọ́ọ̀dù kankan nínú ẹ̀, yẹpẹ̀ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ló wà lábẹ́. Bíríkìlà yìí kan náà ló kọ́lé fún mi. Bó ṣe ń fi tépù wọ̀n ọ́n, kò wo ojú mi rárá. Mi ò bá a jà; ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ni mo ní kó ṣe nígbà yẹn, mi ò sọ fún un pé ọkọ̀ á máa fò lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú, torí ẹ tiẹ̀ lè ra líìfù tó dáa kó sì pa yín. Ìwé tó máa ń bá líìfù Amẹ́ríkà wá sábà máa ń béèrè kọnkéré tó nípọn ju íńṣì mẹ́rin lọ díẹ̀, tí agbára ẹ̀ jẹ́ 3,000 psi (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí kọnkéré ṣe le tó). Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn tó wá láti Ṣáínà ń béèrè sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdàlù 1:2:4 (sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin) tí àwọn bíríkìlà wa fẹ́ràn kò tó 3,000 psi nínú ìṣirò ìwé. 1:1½:3 ló sún mọ́ ọn. Ọjọ́ 28 ló sì yẹ kí kọnkéré tuntun fi gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó ti dìrílì bọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀tì tó tọ́ sí i nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì kan, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí 18 tàbí 19 mílímítà, márùn-ún ó kéré tán ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kàn án sétí kọnkéré tàbí sójú ibi tó ti là. Ẹni tó bá fẹ́ ta líìfù fún yín tí kò béèrè bí ilẹ̀ yín ṣe nípọn tó, ẹ ti foonu ẹ̀ pa.

Iná náà ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá rí 380 V tàbí 400 V lára mọ́tò, fésì mẹ́ta ló ń jẹ, fésì kan ló sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa. Àwọn kan á ta á fún yín bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá padà wá ta ẹ̀rọ tó ń yí iná padà fún yín lówó iyebíye. Mọ́tò kílówáàtì 2.2 tó wọ́pọ̀ lára wọn, jẹnẹrétọ̀ kékeré 2.5kVA ò lè ta á.

Èyí tó bá sì ti Amẹ́ríkà wá lóòótọ́, ẹ wá àmì ALI lára ẹ̀. Ẹgbẹ́ Automotive Lift Institute ló ni àmì náà, ọdún 1945 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, líìfù tí wọ́n bá ti dán wò ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí wọ́n bá ti kun ọ̀dà bo àmì náà, ẹ béèrè ìdí ẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, torí òfin 2018 tó dá wọn sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni rìsíìtì. Mi ò ní. "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀" ni mo ní, ó kún inú WhatsApp mi fọ́fọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Òun ni. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní òun gbọ́ pé mi ò lo líìfù náà mọ́, pé òun á rán èèyàn wá gbé e ní ₦400,000. Ẹ wo ẹni tó mú owó mi lọ, tó ń ná mi lórí ẹrù ara ẹ̀! Owó náà ì bá wúlò fún mi o, irọ́ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ mo mọ ibi tí líìfù yẹn ń lọ: ọ̀dà mìíràn, sítíkà mìíràn, Dádì mìíràn.

Mo ní rárá. Mo pe wẹ́dà wá, mo ní kó gé ọ̀pó méjèèjì sí méjì méjì. Níbi tí iná gáàsì ti gba orókún ọ̀pó òsì kọjá, a rí ohun tí wọ́n fi dí ibi tó ya: èékù rọ́ọ̀dù ìkọ́lé mẹ́ta, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí igi ìdáná. Àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù kó o lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi di ẹrù náà tán.