Bátìrì wet, dry, AGM àti tòkunbọ̀: èwo ló yẹ mọ́tò yín?

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá bátìrì ló kú lóòótọ́. Mọ́tò tó ń dún tá-tá-tá láàárọ̀ tí kò sítáàtì lè jẹ́ pé alternator rẹ̀ ni kò sáàjì mọ́, tàbí pé orí bátìrì ti dógùn-ún, tàbí pé nǹkan kan ń mu iná lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹni tó bá sáré gba Ládípọ̀ tàbí Gate n'Ìbàdàn lọ láti ra tuntun láì wo ìwọ̀nyí, oṣù díẹ̀ ni yóò fi tún padà síbẹ̀, olójà á sì sọ fún un pé wárántì kò kan ìyẹn.

Ẹ fi míítà wò ó ná

Míítà kékeré tí àwọn réwáyà ń lò tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ fi wáyà pupa kan orí pọ́sítíìfù, kí ẹ fi dúdú kan nẹ́gẹ́tíìfù. Tó bá ka fóòtì 12.6 tàbí 12.7, bátìrì kún. 12.4, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. 12.2, ó ti dé ìdajì. 12.0, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Bí wọ́n bá sáàjì rẹ̀ títí tí kò kúrò ní 10.5, ẹ má tún nawó sí i: ilé mẹ́fà ló wà nínú bátìrì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi fóòtì 2.1, èyí tó sọnù níbẹ̀ yẹn ni ilé kan tó ti kú. Kò sí oní-sáàjì tó lè jí i.

Tó bá kún, ẹ ní kí ẹnì kan sítáàtì mọ́tò nígbà tí ẹ̀yin ń wo míítà. Nọ́ńbà yóò já wálẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá já kọjá 9.6, bátìrì yẹn kò lágbára mọ́, bó ti wù kó kún tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, ẹ tan iná iwájú àti AC, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. 13.8 sí 14.7 ló yẹ kí ẹ rí. Tí kò bá tó 13.5, alternator, bẹ́líìtì tó ń yí i, tàbí wáyà tó ti ibẹ̀ wá ni kí ẹ tún ṣe. Tó bá kọjá 15, àṣejù ni: ó ń se bátìrì bí ẹni se ẹ̀wà. Ẹ ó rí i tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ẹ ó sì gbọ́ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Bátìrì tuntun tí ẹ bá gbé sórí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ló máa bá lọ.

Ẹ tún wo orí bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó hù síbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Omi gbígbóná àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì yóò wẹ̀ ẹ́ kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà 10 dè tẹ́mínà, ìyẹn irin tó so wáyà mọ́ orí bátìrì, le. Orí bátìrì kan máa ń tín-ín-rín ju òmíràn lọ, pàápàá tí wọ́n bá ṣe é fún àwọn mọ́tò kéékèèké ti Japan. Tí tẹ́mínà bá ń yí lórí rẹ̀, ohun tí ẹ ó rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà ni abala agolo mílíìkì tàbí ìṣó tí wọ́n gbá sáàárín. Ìyẹn á ṣiṣẹ́ lónìí, á jó lọ́la. Bùṣì òjé tí wọ́n ń fi bọ̀ ọ́ lórí wà lọ́jà, kò wọ́n rárá.

Ti iná tó ń jò lóru, àwọn ohun tí wọ́n so mọ́ mọ́tò lẹ́yìn tó dé ni ẹ kọ́kọ́ fura sí: aláàmù, tracker, rédíò tuntun. Ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù, kí ẹ yí míítà sí 10A, kí ẹ so ó sáàárín wáyà àti orí bátìrì, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì dúró tó wákàtí kan kí kọ̀ǹpútà mọ́tò lè sùn. Ẹ má sítáàtì mọ́tò rárá nígbà tí míítà wà níbẹ̀, á jó. 0.05A ni kó má kọjá. Ẹ wò ó: tí 0.5A bá ń jò nínú bátìrì 60Ah (Ah ni iye iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), ọjọ́ márùn-ún péré ni yóò fi gbẹ pátápátá. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ooru ló ń pa bátìrì nílẹ̀ wa

Ohun tí ẹ ó kà nínú ìwé àwọn òyìnbó ni CCA, ìyẹn agbára tí bátìrì ní láti sítáàtì ẹ́ńjìnì nígbà òtútù tó ń dì. Ó ṣe pàtàkì fún ẹni tó wà ní Chicago. N'Ékòó, ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú gọ̀-sílóò ni ọ̀tá: ó ń gbẹ omi inú bátìrì, ó sì ń jẹ irin òjé tó wà nínú rẹ̀. Ìṣirò tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ń lò ni pé tí ooru bá fi ìwọ̀n 10 kọjá 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀mí bátìrì máa ń dín sí nǹkan bí ìdajì. Bátìrì tó bá lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ti ṣe dáadáa. Èyí ló yẹ kó wà lọ́kàn yín tí ẹ bá ń fi ọ̀kan wé èkejì.

Wet àti dry

Orúkọ ọjà ni wet àti dry. Méjèèjì ní ásíìdì tó ń ṣàn nínú, kò sí èyí tó gbẹ nínú wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wet ní ìdérí mẹ́fà tí ẹ lè ṣí, dry kò ní.

Ohun tó dára jù nípa wet ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń wà ní gbígbẹ lórí pẹpẹ, ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ásíìdì sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́. Ásíìdì tó wà nínú jálá tí kò ní ìdè lè ti lómi lójú, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi hydrometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ásíìdì ṣe ki tó, wọ̀n ọ́n lójú yín: 1.25 sí 1.28 ló yẹ kó kà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí wọ́n wá sáàjì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó wọ mọ́tò. Olójà tó bá dà á tán tó sì gbé e sínú mọ́tò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ti jẹ nínú ẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì san án.

Ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù. Omi gbọ́dọ̀ bo àwọn pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ ihò tí ẹ ń wò. Tó bá dín, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ fi kún un. Ásíìdì kọ́, torí pé omi ló gbẹ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀. Omi kànga kọ́, pure water náà kọ́, bó ti wù kó mọ́ lójú: iyọ̀ àti irin tó yòrò sínú wọn ń ba òjé jẹ́.

Dry kò bèèrè ìtọ́jú yìí. Òjé tí wọ́n pò mọ́ calcium ni wọ́n fi ṣe é, kì í tètè gbẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ásíìdì ti wà nínú rẹ̀ láti iléeṣẹ́, ó sì ń dàgbà lórí pẹpẹ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó. Èyí tó bá ti jókòó ju oṣù mẹ́fà lọ tí wọn ò sáàjì rẹ̀, sulphate, ìpele funfun tó máa ń hù tí iná inú rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ti ń le mọ́ òjé rẹ̀ lára. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ. Àwọn kan tẹ ọjọ́ náà sára rẹ̀ kedere. Àwọn mìíràn lo lẹ́tà fún oṣù àti nọ́ńbà fún ọdún, A fún January, B fún February, tó fi jẹ́ pé C5 túmọ̀ sí March 2025. Tí wọ́n bá ti ha ibẹ̀ kúrò, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù: tí kò bá tó 12.4, ẹ ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.

Ẹ má gbọ́kàn lé ojú kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lórí rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú mẹ́fà. Ewé lè hàn níbẹ̀ kí èyí tó kàn án ti kú.

Èwo wá ni kí ẹ mú? Fún Corolla, Camry tàbí mọ́tò ilé tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀, dry tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni àwa ó mú. Fún dánfó, tásíì àti ẹnikẹ́ni tó ń sáré látàárọ̀ dalẹ́, wet ló dára jù, nítorí ooru á gbẹ ẹ́, ẹ ó sì lè bu omi sí i. Dry tó bá ti gbẹ, ó parí nìyẹn. Ẹni tí kò ní rántí ṣí ìdérí rẹ̀ láéláé, kó má dán wet wò.

AGM

Nínú AGM, ohun tó dà bí òwú tí wọ́n fi dígí ṣe ni wọ́n tẹ́ sáàárín àwọn òjé, òun ló fa ásíìdì mu. Ó sábà máa ń tó ìlọ́po méjì owó dry. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀ níbi iná ojú pópó tó sì ń jí padà ló nílò rẹ̀. Tí AGM bá wà nínú mọ́tò yín láti iléeṣẹ́, AGM náà ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì lásán kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn mọ́tò bíi BMW tún ń fẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ fún un pé bátìrì tuntun ti dé, kó má baà máa sáàjì tuntun bíi ti àtijọ́. Àwọn mọ́tò kan ń lo EFB, tó wà láàárín bátìrì lásán àti AGM. Ẹ lè gbé AGM sípò EFB, ẹ má gbé EFB sípò AGM.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bátìrì lásán ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn ta AGM fún yín. Kò fẹ́ràn ooru, kò fẹ́ràn àṣejù sáàjì, kò sì sí ibi tí ẹ ó ti bu omi sí i. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lò ó, inú búùtù ni wọ́n gbé e sí, níbi tí ooru ẹ́ńjìnì kò dé. Bátìrì sólà àti ti inverter náà kì í ṣe ti mọ́tò: wọn kò lè tú agbára ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń fi bátìrì mọ́tò ṣe inverter ń ṣe àṣìṣe yẹn láti òdìkejì.

Tòkunbọ̀

Ó lágbára lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ìdí sì wà. Bátìrì tí kò lè yí ẹ́ńjìnì mọ́ nínú òtútù London ṣì lè yí i nínú ooru Èkó, torí pé ọ́ìlì kò dì níbí, ásíìdì náà sì ń yára ṣiṣẹ́. Èyí tó kù nínú rẹ̀ lẹ ń rà, ooru kan náà ló sì máa jẹ ẹ́ tán kíákíá. Fóòtì 12.6 kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí wọ́n fi load tester, ẹ̀rọ tó ń fa iná púpọ̀ nínú bátìrì láti wo agbára rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ lójú yín. Àwa kò ní rà á àfi fún mọ́tò tí ẹ fẹ́ gbé tà.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n lẹ ìwé tuntun mọ́, tí wọ́n ń tà bíi tuntun. Orí ló máa tú u fó: òjé tí tẹ́mínà ti dì rí máa ń ní ilà ìfà lára. Tuntun máa ń dán, ó sì sábà máa ń ní ìdérí ike lórí.

Ìwọ̀n, àti bí ẹ ṣe máa gbé e sí i

Ẹ ra irú ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ láti ilẹ̀. 45 sí 60Ah tó fún Corolla. Tí ẹ bá rí 55D23L lára bátìrì Japan, 55 yẹn kì í ṣe Ah, ipò agbára ni. 23 ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. L tàbí R ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí pọ́sítíìfù wà. Tí ẹ bá ra èyí tó yí padà, wáyà kò ní dé ibẹ̀, réwáyà á sì fẹ́ fà á tipátipá títí tí yóò fi máa ha bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bátìrì 100Ah nínú Corolla kì í jó mọ́tò bí wọ́n ṣe ń sọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò jókòó nínú àwo rẹ̀, irin tó ń dè é kò bá a mu, gbogbo kòtò ọ̀nà á sì máa mì ín títí òjé inú rẹ̀ yóò fi dá.

Nẹ́gẹ́tíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn, kí sípánà má baà so pọ́sítíìfù pọ̀ mọ́ ara mọ́tò. Ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀. Gáàsì tó ń jáde nínú bátìrì tó ń sáàjì lè bú gbàù. Ògbólógbòó kì í ṣe ohun tí ẹ máa da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà. Ẹ gbé e fún olójà kó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ti tuntun, ní odindi, pẹ̀lú ásíìdì inú rẹ̀. Tí ẹ bá dè é tán, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ ní kí olójà kọ nọ́ńbà ara bátìrì sínú rìsíìtì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rà á.