Tọ́ọ̀ṣì UV tí mo fi ń wo gíláàsì àtijọ́ tí kò ní orúkọ lábẹ́

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì UV (iná tí ojú lásán kì í rí) láti fi wo gíláàsì àtijọ́, 365nm ni kẹ́ ẹ rà (nm ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì iná), èyí tí wọ́n fi fílítà dúdú bo ojú ẹ̀. 395nm ló pọ̀ níta, òun náà ló sì pọ́ọ́kú jù, ṣùgbọ́n iná elésè-àlùkò tó ń yọ pọ̀ débi pé ó ń bo ohun téèyàn ń wá mọ́lẹ̀. Tèmi, 365 ni, kékeré báyìí, ó ń gba ṣáàjì, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fi ẹrù gíláàsì sílẹ̀ fún mi, abọ́ oníṣẹ́ ọnà, ìkòkò òdòdó, ife ẹlẹ́sẹ̀, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lábẹ́ ìkankan. Mi ò fẹ́ tà á o, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n màmá mi tọ́jú tó bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èyí tí kò lórúkọ ò níyì. Ọ̀pọ̀ nínú gíláàsì Murano, erékùṣù kan ní Ítálì, sítíkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, omi àti ọṣẹ ti bá ìyẹn lọ tipẹ́. Ilé iṣẹ́ gíláàsì Fenton ti Amẹ́ríkà náà ńkọ́, 1905 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àmọ́ ọdún 1970 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tẹ orúkọ wọn sára carnival, ìyẹn gíláàsì tó ń dán bí epo tó dà sójú omi, gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà yẹn, òfìfo lábẹ́.

Ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì. Tó bá tàn ní àwọ̀ ewé yòò, uranium ló wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1830 ni wọ́n ti ń fi sí gíláàsì ní Bohemia, tó wà ní ilẹ̀ Czech lónìí. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba gba uranium kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ní 1943 nítorí ogun, ó di 1958 kí wọ́n tó tún rí i lò, nítorí náà bí ẹ bá ti mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni gíláàsì yín ti wá, ẹ ti mọ àwọn ọdún tí wọn ò lè ti ṣe èyí tó ń tàn bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tó rẹ̀wẹ̀sì, èròjà manganese ni ó sábà máa ń jẹ́, wọ́n fi ń pa àwọ̀ tí irin máa ń fún gíláàsì ni. Tó bá pupa bí ọsàn tàbí tó fẹ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ máa fura sí èròjà cadmium.

Àmọ́ ohun tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì ni tọ́ọ̀ṣì ń sọ, kò lè sọ ẹni tó ṣe é, kò sì lè sọ ọjọ́ orí ẹ̀ ní pàtó. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń tà á tí wọ́n á ní "ó ń tàn, àtijọ́ ni", nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ṣe gíláàsì uranium títí dòní!

Ọwọ́ yín ló máa parí ẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ojú àpá róbótó láàárín ìdí ẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ kó lè jọ̀lọ̀, ẹnu ni wọ́n sábà fi ń fẹ́ irú ẹ̀, ara ọ̀pá irin ni wọ́n ti já a. Tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ sókè, inú mọ́ọ̀dù, irin oníhò tí wọ́n fi ń mọ gíláàsì, ni wọ́n ti ṣe é. Ìdí gíláàsì tó ti pẹ́ máa ń ní àpá wẹ́wẹ́ tó lọ síbí lọ sọ́hùn-ún, èyí tó bá lọ sójú kan ṣoṣo, ẹnì kan ló fi nǹkan ha á. Èyí tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tẹ́ ẹ ta ìka sí létí tó dún pẹ́, ó ṣeé ṣe kó ní òjé nínú.

Áàpù tó ń wo fọ́tò ò ràn mí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, abọ́ kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fún un bí mo bá ti yí i padà. Kátálọ́ọ̀gù àtijọ́ táwọn ilé iṣẹ́ gíláàsì tẹ̀ jáde ló sàn jù, ibi ìkówèésí Corning Museum of Glass ní New York kó wọn jọ rẹpẹtẹ, ẹ wọn gíga ẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa fi ṣe àfiwé, torí àwòrán kan náà lè wà lára ìwọ̀n oríṣiríṣi.

Tọ́ọ̀ṣì yìí máa ń gbóná tó bá pẹ́ díẹ̀ lórí, ẹ ra jígí ojú tó ń dínà UV mọ́ ọn, ẹ má sì tàn án sójú ọmọdé.